Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Gba Ẹ̀rín Àwẹ̀ró Padà Lọ́wọ́ Ọba Kòlábàwọ́n

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò. Ẹni tó bá ní ẹ̀pà lọ́wọ́ kí ó jẹ ẹ́ tán nísinsìnyí, nítorí tí mo bá ti lanu, n kò fẹ́ gbọ́ ariwo ẹnu ẹlòmíràn mọ́. Ẹ fi àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró àbúrò mi sílẹ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló ni ín, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Èmi Ògúndépò, ọdẹ ni mí láti kékeré. Ẹfọ̀n tí mo bá wò lójú á máa tọrọ àforíjì. Àwọn iwin inú igbó mọ ìró bàtà mi, bí wọ́n bá sì ti gbọ́ ọ, wọ́n á yára kó àwọn ọmọ wọn wọlé. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti àna mi ni, Ọdẹ́rìndé, ọkọ Àwẹ̀ró. Ìrìn-àjò tí ó rìn yìí, èmi gan-an ló yẹ kí n rìn ín, orúnkún ló ń dùn mí lásìkò náà. Kí ẹnikẹ́ni má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Orúnkún náà dùn mí gan-an ni.

Ọdẹ ni Ọdẹ́rìndé, ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ràn jù láyé ni bébà. Bí àwa bá ti ti ìgbẹ́ dé, tí a jókòó tí à ń nu ìbọn, bébà ni òun ń ká. Kì í sì í rà á, fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó máa ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ àti àpò sìmẹ́ńtì jọ, yóò gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, yóò rẹ gbogbo rẹ̀ sómi, yóò gún un nínú odó títí yóò fi kúnná. Lẹ́yìn náà, yóò dà á sórí asẹ́, yóò tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, yóò sá a sóòrùn. Bí ó bá gbẹ, yóò fi ká ẹtù, yóò fi ká òkín, yóò fi gé òdòdó tí oyin gidi máa ń bà lé. Àwa ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. A ó ní, "Ọdẹ́rìndé, ẹtù tìrẹ yìí, ọbẹ̀ wo la ó fi sè?" Òun náà á ní, "Èyí tí ẹ̀yin pa lánàá dà? Ẹ ti jẹ ẹ́ tán. Tèmi ṣì wà lórí ìdúró."

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ẹ̀rín Àwẹ̀ró. Ẹ̀rín náà ní ètò tirẹ̀. Ojú òsì rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dì, lẹ́yìn náà ni èjí iwájú ẹnu rẹ̀ yóò yọ, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú, ọwọ́ rẹ̀ á ti balẹ̀ sí èjìká ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pà! Láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé ló ti ń gbá èmi. Ọjọ́ tó lọ sílé ọkọ, èjìká mi dúpẹ́. Èjìká òsì Ọdẹ́rìndé ló gba iṣẹ́ náà, èjìká tó rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ nítorí pé ibẹ̀ ló máa ń gbé ìbọn kọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, ayàwòrán tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ ní àkókò tí ọwọ́ ìyàwó balẹ̀ gẹ́ẹ́ sí èjìká yẹn. Àwòrán kan ṣoṣo tó jáde lọ́jọ́ náà nìyẹn, Ọdẹ́rìndé sì gbé e kọ́ sí pálọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni àjèjì kan yà sí ìlú wa. Ojú rẹ̀ dán, kò sí ilà, kò sí àpá, kò sí ìhunjọ kankan níbẹ̀. Ó gbé àpótí kékeré kan sí abíyá, ojú àpótí náà sì ń tàn. Ó ní àwòrán lòun ń tún ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọdẹ́rìndé rò ó pé àyájọ́ ìgbéyàwó àwọn ti ń bọ̀, ó fẹ́ fi nǹkan ya ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu. Ó mú àwòrán náà jáde, ó ní kí àjèjì náà bá òun mú eruku ara rẹ̀ kúrò.

Àjèjì náà bi í pé, "Ṣé kí n yọ gbogbo ohun tí kò gún níbẹ̀?"

Ọdẹ́rìndé rò pé ibi tí ìkán ti jẹ ni ó ń wí. Ó ní, "Ẹ yọ ọ́ o. Ẹ má dá ọ̀kan sí."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin yìí yọ ọ́! Ó yọ èjí. Ó la ojú tó dì. Ó pa ẹnu obìnrin náà dé, ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ó fa Ọdẹ́rìndé sí ọ̀nà jíjìn, ó sì gbé èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Bí wọ́n ṣe dá àwòrán padà fún un, ṣe ló dà bíi pé ìyàwó ń dúró de ọkọ̀, tí ọkọ náà ń dúró de ọkọ̀ mìíràn. Kí Ọdẹ́rìndé tó gbójú sókè, àjèjì ti lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì fi àmì kankan sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni ewúrẹ́ kan ki orí bọ inú ìkòkò, tí orí náà kò yọ mọ́. Ewúrẹ́ gbé ìkòkò rìn, ó lọ kan baálẹ̀ wa nídìí, baálẹ̀ yí padà, ó rò pé èèyàn ni, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Gbogbo agbo ilé ṣubú lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Àwẹ̀ró nìkan ló dúró gbagidi. Ọdẹ́rìndé sáré tẹ èjìká rẹ̀ sí i bó ṣe máa ń ṣe, kò sí nǹkan tó bà á.

Àwẹ̀ró ní, "Baálé mi, mo rí i pé ó pani lẹ́rìn-ín. Mo wá ẹ̀rín náà nínú mi, n kò bá a níbi tó máa ń wà." Ni omi bá lé ròrò sí i lójú. Ọdẹ́rìndé lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sunkún, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu òun ni òun fi ní kí wọ́n yọ ọ́. Nígbà tó padà dé, ó ní òun ń wá ẹ̀rín náà lọ, ibi yòówù kó wà. Àwẹ̀ró di bébà rẹ̀ fún un sínú àpò, ó fi àlùmọ́gàjí sí i, ó sì po gọ́ọ̀mù láti ara ẹ̀gẹ́ kún ìgò. Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kọ́ ògiri. Èmi gan-an mú un dé ẹnu ibodè, mo sì gbà á nímọ̀ràn púpọ̀.

Ibi tó kọ́kọ́ dé ni Igbó Ooru. Atẹ́gùn kì í fẹ́ níbẹ̀, àní ewé ń làágùn lórí igi. Iwin kan ló dábùú ọ̀nà, ó sanra, etí rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ di odò kékeré. Ó ké mọ́ Ọdẹ́rìndé pé, "Ọmọ èèyàn, dúró! Dá mi lóhùn, tàbí kí o padà sílé. Kí ló rì sínú omi tí kò kú, tí wọ́n gún un lódó tí kò sunkún, tó sùn sínú oòrùn tó sì jí, tó wá ń sọ̀rọ̀ láìlẹ́nu?"

Ọdẹ́rìndé fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó parí rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá, òun rèé. Èmi ni mo rì í sómi, èmi ni mo gún un, èmi ni mo sá a. Bí mo bá sì kọ nǹkan sí i, yóò sọ ọ́ fún ẹni tó wà ní ìlú mìíràn."

Iwin náà gba bébà, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó fi ahọ́n kàn án. Ó ní, "Áà! Bébà ni? Bàbá mi ló fi àlọ́ yìí sílẹ̀ fún mi, ó sì kú kó tó sọ ìdáhùn. Gbogbo ẹni tó ti kọjá níbí, ṣe ni mo kàn ń lé wọn padà. Ẹlòmíràn lè ti gbà á, ta ló mọ̀?" Ojú tì í díẹ̀. Ọdẹ́rìndé bá mú bébà tó le, ó ká a síwá, ó ká a sẹ́yìn, ó so ìdí rẹ̀ pọ̀, ó di abẹ̀bẹ̀, ó nà án sí i. Iwin náà fẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó pariwo, ó tún fẹ́ ẹ. Ẹ ò rí i bó ti ń jó lójú ọ̀nà, tó ń fi ìdí ńlá rẹ̀ ti igi ṣubú.

Ó ní, "Ìlú Dídán ni ẹ̀rín ìyàwó rẹ wà, lọ́dọ̀ Ọba Kòlábàwọ́n. Ohunkóhun tí wọ́n bá yọ kúrò nínú àwòrán kì í ṣègbé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Ṣùgbọ́n fetí sílẹ̀ o. Bí wọ́n bá ní, 'Jẹ́ ká tún ọ ṣe díẹ̀,' má gbà. Díẹ̀ wọn kì í parí."

Ọdẹ́rìndé dúpẹ́, ó kọjá. Bí igbó náà ti tán ni ó bọ́ sí Pápá Àwọn Tí A Gé Kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ẹ láyà, ibẹ̀ ni ǹ bá fẹ́ kí ẹ dé. Gbogbo ohun tí ọmọ aráyé ti gé kúrò nínú àwòrán ló ń rìn káàkiri níbẹ̀. Adìyẹ tó gba iwájú ìyàwó kọjá wà níbẹ̀. Àtàǹpàkò ayàwòrán tó dí ojú ẹ̀rọ ń dá rìn, ó rí gọ̀ǹgọ̀. Irorẹ́ àti ipin ojú ń ṣe ìpàdé lábẹ́ igi. Gbogbo wọn ya bo Ọdẹ́rìndé, wọ́n ń ké pé, "Ṣé èmi lo wá mú? Ṣé èmi ni?" Ìdí tí àyà rẹ̀ fi já nìyẹn. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ pa á, ṣe ni gbogbo wọn fẹ́ kí ó mú àwọn lọ sílé, adìyẹ ti gun orí rẹ̀, àtàǹpàkò ti há sábẹ́ apá rẹ̀, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin kan tó ń fi ẹsẹ̀ kan fò ló lé wọn dànù. Ìlàjì èèyàn ni: ojú kan, apá kan, ẹsẹ̀ kan, agbádá rẹ̀ sì dá láàárín gbungbun.

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Kí ló dé sí yín?"

Ó ní, "Ìyàwó àbúrò mi ni. A jà lórí ẹran níbi ìsọmọlórúkọ, ó bá mú àlùmọ́gàjí, ó gé mi kúrò nínú àwòrán ẹbí. Kò tiẹ̀ gé e dáadáa! Ìlàjì mi ṣì wà lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun ló ń jẹ ẹran náà."

Àánú ṣe Ọdẹ́rìndé, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n ọ́n. Ó jókòó, ó yọ bébà àpò sìmẹ́ńtì, ó ká a mọ́ra títí ó fi le koko, ó ṣe apá kan àti ẹsẹ̀ kan, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ọkùnrin náà. Bàbá Ìlàjì gbé ẹsẹ̀ bébà kalẹ̀, ó gbé tara sí i, ó rìn. Ó rìn padà. Ó wá ń sáré yí pápá ká, ó ń pariwo pé kí wọ́n wá wo òun. Nígbà tó simi, ó ní, "Ọba yóò ní kí o mú tìrẹ nínú àwọn ẹ̀rín. Ó le o. Wọ́n ti fọ gbogbo wọn, wọn kò sì yàtọ̀ síra mọ́. Ojú nìkan ni àwọn èèyàn yẹn ń bá jà. Wo ọwọ́ mi, bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n gé mi náà ló ṣì wà." Ó nà án jáde, ìka rẹ̀ ṣì ká mọ́ra bíi pé ẹran wà níbẹ̀.

Báyìí ni Ọdẹ́rìndé ṣe wọ Ìlú Dídán. Gbogbo ojú tó rí níbẹ̀, ojú kan náà ni. Ẹni tó kọ àbàjà tẹ́lẹ̀, ẹni tó kọ pélé, ẹni tí ọjọ́ ogbó ti hun lójú, wọ́n ti nù wọ́n dán. Wàhálà ńlá ló sì dá sílẹ̀ fún wọn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ àgbà mọ́. Bàbá arúgbó kan dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ ọdọ́, ọmọ náà ní, "Ọlọ́run á wò ọ́ dàgbà." Obìnrin kan gbé ọmọ pọ̀n, ó ń bi gbogbo ẹni tó bá pàdé pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé tèmi ni?" Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá rí, kó má baà ṣìṣe. Nígbà tó fi dé ààfin, àyà rẹ̀ ti dọ̀tí, ìgbòkègbodò náà sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ọba Kòlábàwọ́n jókòó, ojú rẹ̀ dán ju ti gbogbo wọn lọ. Àjèjì ọjọ́sí ló dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpótí.

Ọdẹ́rìndé ní, "Kábíyèsí, ẹ̀rín ìyàwó mi ni mo wá gbà."

Ọba ní, "Ẹ̀rín tó rí wúruwùru yẹn? A ti tún un ṣe. Ó wà lára ògiri níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn yòókù. Bí o bá mọ̀ ọ́n, mú un lọ. Bí o bá ṣì í mú, ojú rẹ di tiwa."

Ọdẹ́rìndé yí padà sí ògiri. Àwòrán ẹ̀rín kún un láti òkè dé ilẹ̀, ojú kan náà, eyín funfun kan náà, kò sí èjí, kò sí ojú tó dì. Kò sì sí èyí tó ní ohùn. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó wò ó pé bí òun bá ṣì í, Àwẹ̀ró yóò wà láìlẹ́rìn-ín, kò sì ní rí ọkọ tí yóò fi ojú mọ̀.  Ṣe ló ṣáà fọwọ́ pa èjìká òsì rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ bá ti gbá a.

Ibi tó ti ń pa á ni ó ti rántí ọ̀rọ̀ Bàbá Ìlàjì. Ó tún wo ògiri, kò wo ojú ẹnikẹ́ni mọ́, ọwọ́ ló ń wò. Lóòótọ́, wọn kò fọwọ́ kan ọwọ́ wọn! Ẹnìkan fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹlòmíràn di ikùn mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, tí èèyàn kò lè mọ ohun tí wọ́n nà án sí.

Ọdẹ́rìndé jókòó sílẹ̀ nínú ààfin, ó yọ bébà tó kù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Kò ní dígí, kò sì nílò rẹ̀. Ó gé ọrùn, ó gé èjìká ọ̀tún, ó gé èjìká òsì, ó sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tí okùn ìbọn ti máa ń há a. Àwọn ìjòyè ń sọ láàárín ara wọn pé èjìká yìí wọ́, wọ́n ní kí ó jẹ́ kí àwọn bá a gé e tọ́. Ó ń gé tirẹ̀ lọ. Ó gbé ọkùnrin bébà náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kìíní, ọwọ́ ga jù. Ó gbé e lọ sí òmíràn, ọwọ́ wọ inú ọrùn. Bẹ́ẹ̀ ló ń gbé e kiri, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, ọba sì ti ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ògiri tán, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kan nísàlẹ̀ nínú kọ̀rọ̀. Ọwọ́ balẹ̀ sórí èjìká bébà.

Pà!

Ojú òsì dì. Èjí yọ. Ẹ̀rín Àwẹ̀ró bú jáde nínú àwòrán náà, ó kún ààfin, ó jáde lójú fèrèsé. Àjèjì náà fẹ́ dì í mú, òun náà bú sẹ́rìn-ín, àpótí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìjòyè ń rẹ́rìn-ín, bí wọ́n sì ti ń rẹ́rìn-ín ni ojú wọn ń hunjọ, tí ilà wọn ń padà. Ẹnìkan ní, "Àṣé ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n mi!" ló bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Obìnrin tó pọn ọmọ wo ọmọ náà lójú, ó sì rí imú ìyá ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọba ló gbìyànjú jù láti pa ẹnu dé. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó lanu, ẹ ò ní gbàgbọ́, ẹnu ọba náà ní èjí!

Inú ọba dùn, ó ní kí Ọdẹ́rìndé jókòó kó jẹun. Kí wọ́n tó bu oúnjẹ, àwọn onítùn-únṣe ààfin, ẹgbẹ́ àjèjì náà, ti ń fi àpótí wọn ṣe eré tí wọn kò ṣe rí. Wọ́n fi orí òbúkọ sí ọrùn Ọ̀tún ọba, wọ́n gbé òṣùpá sórí àwo fún olorì, wọ́n fún adìyẹ pápá tó tẹ̀lé Ọdẹ́rìndé wá ní adé. Wọ́n tún gba bébà Ọdẹ́rìndé, wọ́n ń ya á, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àwòrán láti wo ohun tí yóò dà. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á tún ṣubú lulẹ̀.

Nígbà tó ń lọ, ọba fẹ́ dá a lọ́lá. Ó mú àwòrán náà, ó ní, "Ìyàwó rẹ pé, ṣùgbọ́n ọkùnrin bébà yìí kò dára tó. Jẹ́ ká tún ọ ṣe díẹ̀. A ó fi ojú rẹ gan-an sí i, a ó sì gbé èjìká yìí dọ́gba."

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí. Bí ẹ bá gbé e dọ́gba, níbo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò balẹ̀ sí?"  Ọba dì í fún un bó ṣe wà.

Ẹ̀yìn ilé ni ó ti bá Àwẹ̀ró tó ń ṣa ìrẹsì. Èmi náà wà níbẹ̀, orúnkún mi ti sàn lọ́jọ́ náà. Àwẹ̀ró dìde, ó kí ọkọ rẹ̀ káàbọ̀, ó gba àwòrán, ó sì wò ó pẹ́. Ó rí ara rẹ̀ tó lanu. Ó rí ọkùnrin tí wọ́n fi bébà gé, tí èjìká rẹ̀ wọ́, tí gọ́ọ̀mù yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn rẹ̀. Ó gbójú sókè wo Ọdẹ́rìndé, ó tún wo ti bébà.  Ọdẹ́rìndé súnmọ́ ọn, ó tẹ èjìká òsì sílẹ̀, ó ń dúró.

Ojú òsì dì.

Mo ti rí ẹkùn tó sún mọ́ mi débi pé mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀, n kò sunkún. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ìró ọwọ́ náà dé ọjà. Ọdẹ́rìndé jókòó sínú ìrẹsì, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó tún gbá a, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún, adìyẹ sì ń bá wọn ṣa ìrẹsì náà jẹ.

Àwòrán náà nìyẹn lára ògiri lẹ́yìn mi. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó kí ó dìde wá wò ó, ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó má sì bá mi sọ pé èjìká kan wọ́ níbẹ̀. Ibi tí mo mọ ọ̀rọ̀ dé nìyí, ẹnu mi ti gbẹ. Ọdẹ́rìndé, o ti pẹ́ tó báyìí níta, wọlé wá jókòó sáyè rẹ kíákíá. Mo rí ojú òsì àbúrò mi láti ibí, ó ti ń dì, ọmọ àlejò kan sì ti lọ jókòó síbẹ̀ láìmọ̀.

Pẹ̀lẹ́, ọmọ. Mo ti sọ fún yín.